Òòlù oníná mi ń fò kiri: irú ìdúró wo ló máa gbà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Alágbẹ̀dẹ ni mí. Àdá, ọkọ́ àti ọ̀bẹ ni mò ń rọ, súpírínì ọkọ̀ akẹ́rù ni mo sì ń lò. Wẹ́dà kan bá mi ṣe òòlù oníná. Orí rẹ̀ jẹ́ kílò 20, mọ́tò 2 HP ló ń yí i, ó sì ń lu nǹkan bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan. Orí tábìlì onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin la gbé e kà. Áńgù-áyọ́ọ̀nù ínṣì 3 la fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, irin pẹlẹbẹ mìlímítà 10 ló wà lójú rẹ̀. Tí a bá tàn án, kì í dúró lójú kan. Ibi tí a ti jó ẹsẹ̀ pọ̀ ti sán lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ọ̀tì ń tú, irin kò sì fẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣé kí n fi áńgù tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ẹsẹ̀ ni, àbí kí n fi ẹsẹ̀ méjì kún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kankan kún un, ẹ má sì ra áńgù mìíràn. Àwọn ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló ń bá yín jà. Tábìlì kọ́ ni òòlù oníná ń fẹ́ lábẹ́. Irin kan tó wúwo, tí kò ní ihò nínú, tó lọ tààrà láti ojú tí iṣẹ́ ń jókòó lé títí dé ilẹ̀ ló ń fẹ́. Bí ìyẹn kò bá sí níbẹ̀, á máa fò, ohun yòówù kí ẹ ṣe sí i.

Ẹ wò ó báyìí. Bí orí òòlù bá bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tó gbóná àti owú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló jọ ń pín agbára rẹ̀. (Gbogbo irin tó wà lábẹ́ iṣẹ́ ni mò ń pè ní owú níbí, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan.) Bí owú bá fúyẹ́, á bá òòlù lọ sísàlẹ̀ dípò kó dúró gbà á. Bí ìgbà tí èèyàn gbé odó ka orí tìmùtìmù, tó ń gúnyán nínú rẹ̀ ni: apá á ro ó, iyán á ṣì ní kókó. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ro ìwọ̀n owú pọ̀ mọ́ ti orí òòlù. Ìdá tí owú bá kó nínú àròpọ̀ yẹn ni ìdá agbára tó lè wọ inú iṣẹ́. Ká ní tábìlì yín àti irin orí rẹ̀ jẹ́ kílò 60: 60 nínú 80 nìyẹn, ìyẹn 75 nínú 100. Bí owú bá jẹ́ kílò 200, ó di 91. Bó bá jẹ́ 300, ó di 94. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 600, owó tuntun gọbọi, 97 péré ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe òòlù fi máa ń ní kí owú wúwo tó ìlọ́po 10 orí òòlù ó kéré tán, kó sì jẹ́ 15 bí agbára bá ká a. Tó bá ti kọjá 20, nǹkan mìíràn ni kí ẹ fi owó yín ṣe.

Àmọ́ ìyókù ni kí ẹ tẹjú mọ́. Agbára tí kò wọ inú iṣẹ́ kì í sọnù. Òun ló ń gbé tábìlì fò, òun náà ló ń tú nọ́ọ̀tì. Lọ́wọ́ tí a wà yìí, 25 nínú 100 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú owú kílò 300, 6 ni.

Ti ẹsẹ̀ tó ń sán wá ńkọ́? Ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 12,000 nìyẹn ní wákàtí kan. Ní gbogbo ìgbà yẹn, irin mìlímítà 10 tó wà lójú tábìlì ń tẹ̀ wọnú láàárín, ó ń padà, ó sì ń fa orí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta. Irin tó bá ń tẹ̀ tó ń nà lójú kan náà á rẹ̀ bópẹ́ bóyá, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti jó o ló sì máa ń kọ́kọ́ là. Bí ẹ bá tún un jó, ibòmíràn á là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Áńgù tó nípọn á kàn sún ọjọ́ náà síwájú ni.

Ẹ jẹ́ ká fojú sun kílò 300, nígbà náà. Irin róbótó tí kò ní ihò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, ń wọn kílò 3.85 ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan; gígùn 75 á fún yín ní kílò 289. Ti oní-20 kò ju kílò 185 lọ ní gígùn kan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé ó tó. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kóńdẹ̀mù lẹ ti máa rí i, irú Owódé Onírin l'Ékòó. Ṣáàfù ẹ̀rọ ńlá ni kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá gbé irin ojú ọ̀nà reluwé wá, ẹ yẹra fún un: jíjí ni wọ́n ń jí púpọ̀ nínú wọn tú, ẹjọ́ rẹ̀ sì wúwo ju irin lọ.

Bí irin róbótó kò bá sí, ẹ ra irin pẹlẹbẹ mìlímítà 20, kí ẹ gé mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 75. Ẹyọ kan jẹ́ kílò 29.4, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 294. Ẹ dè wọ́n pọ̀ ní ìdúró, bí ìwé tó tò sórí pẹpẹ. Ẹ má tò wọ́n léra bí àwo. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín irin méjì tó léra, bó ti wù kí ó tẹ́jú tó. Tí ẹ bá tò wọ́n léra, òòlù á máa pa àlàfo mẹ́sàn-án dé kó tó kan ilẹ̀. Tí wọ́n bá dúró, ara irin lódindi ni agbára ń gbà kọjá. Ẹ jó etí wọn níta láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ́kítíródù (ọ̀pá tí a fi ń jó irin) 7018 tó gbẹ, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ fi iná yá irin náà títí omi tí ẹ bá ta sí i á fi máa hó. Irin tó nípọn báyìí máa ń fa ooru mọ́ra kíákíá. Bí ẹ bá jó o ní tútù, ojú rẹ̀ á dán, inú rẹ̀ á sì ti là.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ rèé: orí irin mẹ́wàá yẹn kì í dọ́gba. Tí ẹ bá dé e bẹ́ẹ̀, méjì tàbí mẹ́ta tó yọrí jù lọ ni yóò máa gbé gbogbo lílù náà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá irin lẹ́rọ kí wọ́n fá ìpẹ̀kun méjèèjì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé irin tó gún dé e lójú, kí ẹ máa ti bébà sábẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ibi tí bébà bá ti wọlé, kò tíì tán. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi irin mìlímítà 50, tó fẹ̀ tó orí owú náà, dé e. Kílò 20 ló máa kún un.

Àwọn kan máa dábàá páìpù ńlá tí wọ́n rọ kọnkéré kún. Ó dára fún òpó, kò dára fún owú. Kọnkéré máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, ó ń kúrò lára páìpù. Òòlù á wá lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun nínú ibẹ̀, ògiri páìpù nìkan ni yóò sì kù tí ń gba lílù.

Ìsàlẹ̀ owú àti ti òpó tó gbé mọ́tò ni kí ẹ jó mọ́ irin pẹlẹbẹ kan náà, mìlímítà 25, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60, gígùn 100. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kílò 118. Irin onígun mẹ́ta ni kí ẹ fi gbe ìdí òpó lẹ́yìn. Ẹ má so òpó mọ́ owú lókè o. Bí wọ́n bá pàdé níbòmíràn yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, gbogbo gbígbọ̀n owú á kọjá sára mọ́tò àti bọ́ọ̀lù bẹ́ríìnì rẹ̀. Ní ti gíga, ní sẹ̀ǹtímítà, owú 75, ìdérí 5, ojú ìsàlẹ̀ tí iṣẹ́ ń jókòó lé bíi 8, irin pẹlẹbẹ 2.5 àti bẹ́líìtì 1, á jẹ́ bíi 91. Ẹ wò ó mọ́ ìgúnpá ara yín kí ẹ tó gé owú: ojú iṣẹ́ yẹ kó rẹlẹ̀ ju ìgúnpá lọ díẹ̀, kí ẹ̀mú má bàa máa dojú kọ òkè lọ́wọ́ yín.

Ó ku ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, fífẹ̀ 90, jíjìn 60. Bí ẹ bá dé ilẹ̀ pupa líle kó tó pé bẹ́ẹ̀, inú dídùn ni. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n dà kún tàbí alámọ̀ dúdú, ẹ gbẹ́ ẹ síwájú ní 15, kí ẹ sì fi òkúta kún un, kí ẹ gún un le. Kọnkéré inú ihò yìí á wúwo tó kílò 1,500 ó lé díẹ̀. Àpò símẹ́ńtì mẹ́fà ni kí ẹ rà. Fún àpò kan, hẹ́ẹ̀dìpáànù yanrìn mẹ́ta àti ti òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú omi kéègì lítà 25 kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí yanrìn bá tutù, ẹ dín in kù. Birikilà máa fẹ́ bu omi kún un kí ó lè rọrùn láti dà. Ẹ má gbà fún un. Omi àpọ̀jù yẹn ni yóò gbẹ tán tí yóò fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni kọnkéré ti ń là. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ dà á parí.

Rọ́ọ̀dù mìlímítà 12 ni ẹ ó lò, ọ̀pá mẹ́ta onígígùn mítà 12 á tó: àwọ̀n kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín rọ́ọ̀dù méjì, kí kọnkéré tó nípọn 5 sì bo gbogbo rẹ̀. Àwọ̀n ti òkè ni wọ́n sábà máa ń yọ sílẹ̀ láti fi dín owó kù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú ojú kọnkéré dúró.

Bóòtù mẹ́rin ni ẹ ó lò, tó nípọn mìlímítà 24, gígùn sẹ̀ǹtímítà 55. Sẹ̀ǹtímítà 45 nínú rẹ̀ á wọ inú kọnkéré, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kékeré àti nọ́ọ̀tì ní ìdí kó má bàa yọ. Ẹ má fi rọ́ọ̀dù ilé ṣe bóòtù. Ibi tí ẹ bá ti jó o máa ń ṣẹ́ lójijì. Ẹ lu ihò mẹ́rin sára pákó bí ti irin pẹlẹbẹ gẹ́lẹ́, kí ẹ fi gbé bóòtù dúró nígbà tí ẹ bá ń da kọnkéré. Ẹ tún fi páìpù rọ́bà ínṣì 2 wọ apá òkè bóòtù kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 15, kó lè yẹ̀ díẹ̀ bí ihò kò bá bára mu.

Ẹ má jẹ́ kí kọnkéré yìí kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi fóòmù líle tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 2.5 yí i ká kí ẹ tó dà á. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ògiri yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó fún ọjọ́ méje, àmọ́ ọjọ́ 28 ni kí ẹ dúró dè kí ẹ tó tan òòlù. Lọ́jọ́ keje, kò tíì le ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Láàárín kọnkéré àti irin, bẹ́líìtì rọ́bà kan ṣoṣo tó nípọn mìlímítà 10 sí 12, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé òkúta níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Pákó apá tàbí ìrókò gbígbẹ tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 5 náà dára, ikán kì í fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ka nípọn rẹ̀ mọ́ gíga owú. Ìwúlò rẹ̀ ni kí irin má bàa máa lọ ojú kọnkéré. Ẹ má fi bẹ́líìtì mẹ́ta léra, ẹ má sì fi táyà: ẹ ti tún dá tìmùtìmù padà nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù àyágbé, tí onílé kò jẹ́ kí ẹ gbẹ́lẹ̀, ẹ fi ṣánẹ́ẹ̀lì ínṣì 6 ṣe àpótí sẹ̀ǹtímítà 120 sí 120, ẹ da kọnkéré kún un pẹ̀lú rọ́ọ̀dù nínú rẹ̀. Kílò 500 ó lé ni. Ẹ gbé e ka bẹ́líìtì, kí ẹ sì dín eré mọ́tò kù. Kò dà bí ihò, á ṣì máa mi ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í rìn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tì méjì lórí bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti ara nọ́ọ̀tì dé ara irin. Ẹ wọ́n yanrìn gbígbẹ sórí irin pẹlẹbẹ, kí ẹ gbé irin gbígbóná sójú owú, kí ẹ tó tàn án. Ẹ má jẹ́ kí ojú òòlù lu ojú owú lófìfo, torí ìyẹn ń ba ìdúró jẹ́ ju iṣẹ́ ọdún kan lọ. Yanrìn á gbọ̀n díẹ̀ níbi gbogbo. Bí ó bá ń fò ga ní igun kan nìkan, abẹ́ igun yẹn kò jókòó, ẹ tú u kí ẹ wá ohun tó há síbẹ̀. Ẹ wo ìlà ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn wákàtí kan, lópin ọjọ́, àti lọ́jọ́ Sátidé. Bóòtù tí ìlà rẹ̀ bá ti ṣẹ́, ẹ fún un le, kí ẹ fa ìlà tuntun. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣì gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè máa yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù.