Orù tí ọta ìbọn lu: kí ló gbé e dé ara àmì ìlú Bailén?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo rí àmì ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Bailén, ní gúúsù Spéìn. Orù omi tí ọta ìbọn lu wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣẹ́gun àwọn Faransé níbẹ̀ láyé Napoleon. Kí ló dé tó jẹ́ pé orù ni wọ́n mú, tí wọn ò mú idà? Ṣé òótọ́ sì ni ìtàn obìnrin tí wọ́n ní ó ni orù náà?"

Ẹ kú ìbéèrè. Omi wà lára ohun tó ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà, àwọn ará ìlú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa dé orí ọ̀rọ̀ obìnrin náà, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìtàn akọni lásán lẹ máa gbọ́, ẹ ò ní mọ ìdí tí orù fi borí idà.

Níparí ọdún 1807 làwọn ọmọ ogun Faransé wọ Spéìn bí ọ̀rẹ́. Wọ́n ní Portugal làwọn ń lọ, àwọn kàn fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Àlejò náà ò lọ mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 1808, Napoleon, olú ọba Faransé, ti fa ọba Spéìn àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Bayonne ní ilẹ̀ Faransé, ó gba adé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó sì mú ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, Joseph, pé kó wá jọba lé wọn lórí. Àwọn ará Madrid dìde lọ́jọ́ kejì oṣù náà. Àwọn Faransé yìnbọn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀tẹ̀ ti ràn dé ìgbèríko, kò sì ṣeé pa mọ́.

Ọ̀gágun Pierre Dupont ni wọ́n rán sí Andalusia ní gúúsù, pé kó lọ gba Cádiz, níbi táwọn ọkọ̀ ogun Faransé kan há sí láti ìgbà ogun ojú omi Trafalgar lọ́dún 1805. Dupont kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ó gbayì gan-an nínú ogun Friedland lọ́dún 1807. Àwọn tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ ni ò tó nǹkan: ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọṣẹ́ ológun. Lọ́jọ́ keje oṣù kẹfà, wọ́n wọ Córdoba, wọ́n sì kó ìlú náà bí ẹni tí kò ní padà rí onílé mọ́. Wọn ò dá ilé sí, wọn ò dá ṣọ́ọ̀ṣì sí. Ẹ fi ìkógun yẹn sọ́kàn, a máa tún pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn Córdoba, ọkàn Dupont ò balẹ̀ mọ́. Àwọn ọkọ̀ Faransé tó fẹ́ lọ gbà ní Cádiz ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Spéìn lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà. Ló bá padà sí Andújar, létí odò Guadalquivir, ó jókòó síbẹ̀ ó ń retí ìrànlọ́wọ́ fún nǹkan bí oṣù kan. Oṣù kan ọ̀hún ni Ọ̀gágun Francisco Javier Castaños fi kó ọmọ ogun jọ. Wọ́n tó 30,000: àwọn ológun gidi, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oko sílẹ̀, títí kan àwọn darandaran màlúù láti Jerez àti Utrera tí wọ́n gun ẹṣin wá pẹ̀lú ọ̀pá gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń da akọ màlúù. Ká sòótọ́, àwọn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ orù la wá sọ.

Wàyí o, ẹ wo ibi tí Bailén wà. Ìlú kékeré ni, ní agbègbè Jaén, lójú ọ̀nà tó ti Andalusia gba àárín òkè Sierra Morena lọ sí Madrid. Ẹni tó bá dì í mú ti dí ọ̀nà ilé mọ́ Dupont. Lọ́jọ́ 16 oṣù keje, Ọ̀gágun Teodoro Reding, ọmọ Switzerland tó ń jagun fún Spéìn, kọjá odò ní Mengíbar. Wọ́n pa Ọ̀gágun Gobert tó jẹ́ Faransé níbẹ̀. Àwọn Faransé tó wà nítòsí rò pé Reding ti kọrí sí àwọn ọ̀nà orí òkè, ni wọ́n bá sáré tẹ̀ lé e lọ sí La Carolina, láìmọ̀ pé kò lọ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi Bailén sílẹ̀ lófìfo nìyẹn. Lọ́jọ́ 18, Reding àti Ọ̀gágun Coupigny, tí wọ́n jọ ń jà fún Spéìn, wọ ìlú náà wẹ́rẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Dupont kúrò ní Andújar. Ó lé ní kìlómítà 25 sí Bailén. Ó rìn lóru nítorí ooru, kí Castaños má sì rí i. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń yọ́ rìn pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún kẹ̀kẹ́ ẹrù? Aláìsàn wà nínú kẹ̀kẹ́ mìíràn, ìkógun Córdoba wà nínú òmíràn. Ìlà náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé nígbà tí iwájú ti dójú ìjà, ẹ̀yìn ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, iwájú kan àwọn ẹ̀ṣọ́ Reding ní ìwọ̀-oòrùn Bailén. Bí ogun ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1808 ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ orù ti wọlé. Oṣù keje ní Andalusia kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n ní ooru ọjọ́ náà kọjá ìwọ̀n 40. Àwọn Faransé ti fi gbogbo òru rìn, wọn ò sinmi, omi tó wà nínú agbè wọn ti tán, odò Rumblar tí wọ́n ré kọjá sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga àti ọgbà tó lómi wà ní Bailén, ẹ̀yìn àwọn ọmọ ogun Reding sì ni Bailén wà. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi nínú àwọn Faransé, àfi kó kọ́kọ́ ṣẹ́gun. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òùngbẹ tún wá burú ju ebi lọ, nítorí ebi ṣì máa ń jẹ́ kéèyàn rọ́jú di ọjọ́ kejì.

Yàtọ̀ sí ọ̀fun èèyàn, àwọn ìbọn ńlá náà ń béèrè omi. Láyé ìgbà yẹn, lẹ́yìn yíyìn kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ki ohun rírin bọ inú ọ̀fun ìbọn láti pa ẹ̀ṣẹ́ná tó kù síbẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹ̀tù tí wọ́n fẹ́ rọ sí i lè gbiná mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ìbọn Spéìn dún lọ́jọ́ náà láìdákẹ́, wọ́n sì fọ́ ọ̀pọ̀ ìbọn Dupont. Àwọn ará ìlú, pàápàá àwọn obìnrin, ló ń pọnmi wá fún wọn lábẹ́ ọta. Bí mo bá ní omi ṣẹ́gun, ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn: ó rẹ òùngbẹ àwọn kan, ó jẹ́ kí ìbọn wọn máa dún, kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn kejì.

Dupont kọlù wọ́n léraléra láàárọ̀ náà. Gbogbo rẹ̀ ló forí ṣánpọ́n. Ó kó àwọn ọmọ ogun ojú omi ti ẹ̀ṣọ́ Napoleon jáde níkẹyìn, àwọn náà ò rí i ṣe. Dupont fara gbọgbẹ́. Àwọn ọmọ Switzerland tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tó jẹ́ pé Spéìn ni wọ́n ń sìn tẹ́lẹ̀ kí Faransé tó gbà wọ́n, fi í sílẹ̀, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ Reding. Àwọn ọmọ ogun Castaños tún ti Andújar yọ sí i lẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọ̀sán gangan, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró. Ọ̀gágun Vedel, tó yẹ kó ti La Carolina wá gbà á sílẹ̀, ti dúró sinmi ní Guarromán. Ìgbà tó fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Lọ́jọ́ 22 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn Faransé tó jọ̀wọ́ ara wọn sún mọ́ 18,000, àwọn ti Vedel náà wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣẹ́gun wọn lójú ìjà. Àwọn tó kú ní ìhà Spéìn ò ju nǹkan bí 240 lọ. Joseph kó ẹrù rẹ̀ ní Madrid kí oṣù keje tó parí, ó sì ṣí lọ sí ìhà àríwá odò Ebro. Ẹ máa kà níbi púpọ̀ pé Bailén ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun Napoleon lójú pápá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti na àwọn Faransé ní Maida, ní Ítálì, lọ́dún 1806. Ohun tó ya Yúróòpù lẹ́nu ní Bailén ni pé odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan kó ohun ìjà sílẹ̀, pé àwọn tí Napoleon ń fojú di ló sì kó o sílẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí obìnrin náà. María Bellido lorúkọ rẹ̀. Porcuna ni wọ́n ti bí i, Bailén ló ń gbé, àwọn ará ìlú sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní La Culiancha, oníbàdí ńlá. Kì í ṣe ọmọge. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà ogun yìí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó gbé orù omi lọ fún Reding láàárín ìjà. Bó ṣe fẹ́ fún un mu, ọta ìbọn ba orù náà, ó fọ́. María ò pariwo, kò sì sá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àpáàdì kan tí omi díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì nà án sí ọ̀gágun náà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn? Ìtàn ẹnu ni, ó sì ti dán tó ìtàn ẹnu. Lójú tèmi, obìnrin ọ̀hún àti omi tó pọ̀n wà lóòótọ́. Àpáàdì yẹn ló ṣeé ṣe kí ẹlẹ́nu dídùn ti fi iyọ̀ sí díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé Castaños ló bomi fún, ẹ má gbà. Castaños ò sí lójú ìjà lọ́jọ́ 19, Andújar ló wà. Òun ni wọ́n fi jẹ Duke Bailén lọ́dún 1833, Reding tó ja ogun náà ti kú lọ́dún 1809 látàrí ọgbẹ́ ogun mìíràn. Ìtàn ìlú ò gbàgbé Reding ṣá o: òun ni María bomi fún.

Ìdí tí wọ́n fi mú orù nìyẹn. Bí oríkì ni àmì ìlú rí: ohun tí ìlú bá fẹ́ kí wọ́n fi ki òun ló máa ń fi síbẹ̀. Idà àti ìbọn, ti àwọn ológun tó kọjá lọ ni. Ti àwọn ará ilé ni orù, àwọn obìnrin tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé àdéhùn kankan. Ó tún wá bọ́ sí i pé ìlú amọ̀ ni Bailén. Iṣẹ́ ìkòkò àti bíríkì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n títí dòní. Oṣù keje ni wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún ìrántí ogun náà lọ́dọọdún, ère María Bellido sì wà nínú ìlú.

Ó ku ohun kan tí orù yẹn ò sọ, ẹ ò sì béèrè, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n fò ó. Nínú àdéhùn ọjọ́ 22, wọ́n ní wọ́n máa fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn Faransé tó jọ̀wọ́ ara wọn padà sílé. Àwọn aláṣẹ Spéìn ní ìlú Seville kọ̀, wọn ò mú un ṣẹ. Dupont àti àwọn ọ̀gágun padà sí Faransé, àwọn ọmọ ogun kékeré ló há. Wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sínú ògbólógbòó ọkọ̀ ní Cádiz, nígbà tó di ọdún 1809 wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sí Cabrera, erékùṣù olókùúta tí ẹnikẹ́ni ò gbé, nítòsí Majorca. Ìsun omi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún gbogbo wọn, kò sì tó. Ebi, àìsàn àti òùngbẹ pa wọ́n bí eṣinṣin. Àwọn tó ṣẹ́ kù ò kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1814. Córdoba ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú wọn, ìyẹn yé mi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ tí wọ́n fipá mú wọṣẹ́ ológun, ìkógun náà ò sì sí lọ́wọ́ wọn mọ́.

Àfikún kan fún ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn Gúúsù Amẹ́ríkà: José de San Martín, tó gba Argentina àti Chile kúrò lọ́wọ́ Spéìn tó sì kéde òmìnira Peru, wà lára àwọn tó jagun fún Spéìn ní Bailén. Wọ́n fún un ní ẹ̀yẹ nítorí rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1812, ó ti dé Buenos Aires.

Ní Madrid, ẹ ó rí orúkọ ìlú náà lára òpópónà Calle de Bailén. Iwájú ààfin ọba ló gbà kọjá, ààfin tí Joseph sá kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí ìròyìn ogun náà dé.