Kí ló ya àáró sọ́tọ̀ sí ọ̀wẹ̀?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ a máa dárúkọ àáró àti ọ̀wẹ̀ pọ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Kí ló sì dé tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sọ pé inú àáró làwọn ti mọṣẹ́?

Rárá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbèsè ni àáró. Bí ọ̀rẹ́ márùn-ún bá da àáró pọ̀, oko ẹnì kan ni gbogbo wọn á ti ṣiṣẹ́ lónìí, ti ẹlòmíì lọ́la, títí á fi kárí. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ọ ṣe ni wàá san padà, kì í ṣe owó. Bí ara rẹ ò bá yá, o lè rán àbúrò rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ká ọkọ́.

Ní ti ọ̀wẹ̀, olóko ló ké sí èrò fún ọjọ́ kan, òun ló sì máa wá oúnjẹ àti ẹmu. Kò sẹ́ni tó ń ka gbèsè lẹ́yìn náà. Ọ̀wẹ̀ àna ló gbajúmọ̀ jù: ọkọ ìyàwó á kó ọ̀rẹ́ lọ sóko bàbá ìyàwó. (Koríko Bẹẹrẹ tí wọ́n ń kó wá bo ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ kì í ṣe ọ̀wẹ̀ o. Ìsìn ni wọ́n fi ń sin Aláàfin.)

Oko tí kò dọ́gba ló sábà máa ń tú àáró ká. Ẹ jẹ́ kí iye ebè dọ́gba dípò ká máa sọ pé “oko kan”: igba ebè, ìyẹn 200, ni òṣùwọ̀n àtijọ́. Ẹni tẹ́ ẹ ò bá tíì mọ ìwà rẹ̀, ẹ fi oko rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní ti ẹ̀kọ́, ẹ fi ẹni tí ò tíì mọ ebè kọ sáàárín àwọn méjì tó dáńtọ́, kó máa wo ọ̀tún wo òsì. Á rí i pé wọ́n ń kọ́kọ́ fi ọkọ́ tú ìdí ibi tí ebè máa jókòó sí, kí wọ́n tó wọ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá láti ìhà gbogbo wá sórí rẹ̀. Bí ìdí ò bá tú, iṣu á kan ilẹ̀ líle, á wọ́. Bí wọn ò bá fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá ara ebè, òjò á wọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ, orí iṣu á yọ síta. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ni: wọ́n á bi ọ́ bóyá iṣu lo fẹ́ gbìn àbí ejò. Ẹ̀rín á sọ, wàá sì tún un kọ. Ìgbádùn ibẹ̀ nìyẹn. Oko márùn-ún tún lè jẹ́ oríṣi ilẹ̀ márùn-ún, ọwọ́ rẹ á mọ ti oníyanrìn, á mọ ti alámọ̀.

Tí wọ́n bá jókòó jẹun ọ̀sán lọ̀rọ̀ ẹ̀bù, ìyẹn iṣu tí wọ́n gé fún gbíngbìn, máa ń jáde: fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòji kó má bàa jẹrà. Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo gbìn ín, fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, kó o sì gbé yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.