Abo Pẹ́pẹ́yẹ Tó Dá Awuyewuye Sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà òtútù, mo máa ń lọ wo ọ̀wọ́ pẹ́pẹ́yẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní Common Scoter ní etíkun Musselburgh, Scotland. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí abo kan láàárín wọn tó ní àmì méjì tó funfun díẹ̀ lójú. Ẹnì kan ní Surf Scoter ni, ẹlòmíì ní Velvet Scoter ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tí mo lè bú nínú wọn, torí èmi náà ti pe abo Velvet ní Surf rí. Mo ti ń pariwo pé àlejò ti dé láti Amẹ́ríkà, níbi tí Surf ti ń wá. N ò tíì panu dé tí ẹyẹ náà fi nàró lórí omi, tó gbọn apá, funfun báláú sì yọ. Àwọn tó dúró tì mí kò sọ̀rọ̀; ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mọ́ra.

Apá yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Velvet ní funfun lápá, Surf àti Common kò ní. Ṣùgbọ́n bí Velvet bá pa apá mọ́ra, ìyẹ́ ìhà rẹ̀ lè bò ó pátá, nítorí náà pé ẹ ò rí funfun kò tíì sọ ọ́ di Surf.

Bí ẹ ti ń dúró, ẹ wo ojú rẹ̀. Àmì iwájú ti Surf máa ń ga lóòró lẹ́bàá àgógó, ti Velvet sì máa ń rí roboto. Àgógó Surf fẹ̀ nídìí, ibi tí ìyẹ́ ojú ti pàdé rẹ̀ sì gún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Abo Common ò lè dà yín láàmú: gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló funfun díẹ̀, òkè orí rẹ̀ sì dúdú bí ẹni dé fìlà. (Akọ Surf rọrùn: funfun wà níwájú orí àti ní ìpàkọ́.)

Ẹ tún wo bí ó ṣe ń mòòkùn. Common máa ń fò sókè díẹ̀, á pa apá mọ́. Surf àti Velvet máa ń ṣí apá díẹ̀. Bí Common bá sì ń gbọn apá, á ju orí sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé.

Bí ẹ bá padà débẹ̀, abo kan ṣoṣo yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, títí yóò fi gbọn apá.