Kì í ṣe máìlì tó wà lára páálí ló ń mú àwòrán wá

Arákùnrin wa tó ń gbé ní Katy, ní ìwọ̀-oòrùn Houston ní Texas, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ já kébù, tẹlifíṣọ̀n tí à ń sanwó fún lóṣooṣù, sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹ ra áńtẹ́nà pẹlẹbẹ tó rí bí abala ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé. Ìkànnì 2, 26 àti 39 ń wọlé, ṣùgbọ́n 11 àti 13 kọ̀ jálẹ̀. Ẹ wá fẹ́ lọ ra òmíràn tí wọ́n kọ "300 miles" sí lára páálí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yín padà sápò ná. Mo ti rin ọ̀nà yẹn lọ, mo ti rìn ín bọ̀.

Spring lèmi ń gbé, ní àríwá Houston. Nígbà tí owó kébù mi wọ dọ́là 160 lóṣù, mo fara balẹ̀ ka bíìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àṣé wọ́n tún ń gba owó ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ mi lórí àwọn ìkànnì ìlú, àwọn yẹn gan-an tó ń fò kọjá lórí òrùlé mi lọ́fẹ̀ẹ́! Inú bí mi débi pé ọjọ́ náà ni mo dá àpótí wọn padà. Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n kù gììrì wọ ọjà láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Áńtẹ́nà mẹ́ta ni mo rà kí ojú mi tó là.

Àkọ́kọ́, irú tiyín gẹ́lẹ́ ni. Ìkejì, wọ́n kọ "4K" (àwòrán tó mọ́ kedere gan-an) sí i lára, ó sì ní ampilifáyà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "4K" tàn yín jẹ. Áńtẹ́nà kò mọ 4K, irin tó ń gba ìgbì ni, tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe ìyókù. Ampilifáyà yẹn tiẹ̀ ba díẹ̀ tí mo ní jẹ́, torí kì í mú ohun tí áńtẹ́nà ò gbọ́ wá, ariwo àti ohun rere ló ń gbé sókè pọ̀. Ọmọkùnrin mi ò sì bìkítà fún ìkànnì mìíràn. Texans, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Houston, ló fẹ́ wò, ìkànnì 11 ni wọ́n sì sábà máa ń gbé e sí. Ní gbogbo Sunday tí wọ́n bá ń gbá a, èmi àti ọmọ á jọ máa wo ara wa níwájú tẹlifíṣọ̀n dúdú.

Ẹnì kan tó ti fi iṣẹ́ rédíò jẹun rí ló là mí lójú. Ó ní nọ́ńbà tí mò ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n lè jẹ́ orúkọ lásán. Ní Houston níbí, èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní 2, orí ìgbì ìkànnì 35 ló wà gan-an. Ṣùgbọ́n 8, 11 àti 13 ò yí orúkọ padà, orí 8, 11 àti 13 ni wọ́n wà lóòótọ́. VHF nìyẹn, ìyẹn ìgbì gígùn, èyí tó kù nínú àwọn tí ẹ dárúkọ jẹ́ UHF, ìgbì kúkúrú. Ìgbì ìkànnì 11 gùn tó mítà kan àtààbọ̀, apá tí yóò gbà á dáadáa ní láti tó ìdajì rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 75. Apá ti ìkànnì 26 ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 27 lọ. Ẹ mú rúlà, kí ẹ wọn ohun tí ẹ lẹ̀ mọ́ fèrèsé yẹn, ẹ ó rí ìdáhùn ìbéèrè yín.

Ní ti máìlì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ilé ayé tẹ̀ kọrọdọ, nígbà tó bá ti tó bíi máìlì 60 sí 70, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á dí òpó gíga tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi ń tan ìgbì mọ́ni lójú. Máìlì 300 láti Katy, ẹ ti kọjá Dallas! Kí ni ẹ fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Agbègbè Missouri City ni òpó àwọn ìkànnì ńlá Houston wà. Kò ju bíi máìlì 25 sí yín lọ, níhà gúúsù ìlà-oòrùn. Tèmi ń lọ sí bíi 36, ó sì ń wọlé.

Èyí tí mo rà ṣìkẹta ló dára, èyí tó ní apá gígùn fún VHF àti apá kúkúrú fún UHF. Síbẹ̀, mo tún fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Ẹ̀rù òjò àti ojú àwọn ará àdúgbò ń bà mí, mo gbé e gun àjà. Asán! Ó tún burú ju ti fèrèsé lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yí i nínú ooru Texas, kí n tó tan tọ́ọ̀ṣì sókè tí mo rí i pé pákó abẹ́ òrùlé ń dán yanranyanran. Fóìlì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kí oòrùn má baà wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Texas ló ní in. Inú ìkòkò irin tí ìgbì ò lè wọ̀ ni mo gbé áńtẹ́nà sí! Ẹ wo tiyín dáadáa. Fèrèsé ìgbàlódé míì náà ní irin tín-ín-rín tí wọ́n fi pa á lára, ó ń dí ìgbì lọ́nà.

Bí mo ṣe gbé e jáde síta nìyẹn. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa kọ lẹ́tà sí mi pé kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fèsì pé òfin ọdún 1996 ti FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fún mi láyè láti gbé áńtẹ́nà ìkànnì ìlú sórí ohun tó jẹ́ tèmi. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá àyágbé, bálíkónì tó bá jẹ́ tiyín nìkan wà nínú òfin náà, orí òrùlé tí gbogbo yín jọ ń lò ò sí níbẹ̀.

Kí ẹ tó rà á, ẹ fi àdírẹ́sì yín sí RabbitEars (ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tàbí máàpù FCC. Ẹ ó rí ìkànnì tòótọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà àti ìhà tí òpó rẹ̀ wà. Ẹ ra RG6, wáyà tó ń gbé ìgbì láti áńtẹ́nà dé tẹlifíṣọ̀n, ẹ má sì fi wáyà dúdú àtijọ́ yẹn pa á pọ̀. Tí ẹ bá fi splitter pín in sí tẹlifíṣọ̀n méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ní rí tó ìdajì.

Ẹ fi wáyà so áńtẹ́nà ìta mọ́ inú ilẹ̀ ("grounding") nítorí àrá o. Owó oníná tó bá mi ṣe é dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àrá Houston.

Ní Ìbàdàn tí mo dàgbà sí, ẹnì kan á máa yí òpó lẹ́yìnkùlé, èkejì á wà ní pálọ̀ tí á máa pariwo: "Ó ti dáa! Rárá, ó ti lọ! Dá a padà díẹ̀!" Àwòrán ayé ìgbà yẹn á kọ́kọ́ máa rọ bí òjò, ojú á ríran díẹ̀díẹ̀. Ti ìsinsìnyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa mọ́ kedere tàbí kó gé kúrò pátápátá. Nítorí náà, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ tún yí i.

Nígbà tí ìjì Beryl jà ní July 2024, iná lọ, íntánẹ́ẹ̀tì lọ, ara àwọn aládùúgbò kò balẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni mo tàn, ìkànnì 11 àti 13 ń sọ ibi tí omi dé. Pálọ̀ mi kún. Ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé yẹn wà níbẹ̀, mo fún un ní omi tútù mu, n kò sọ nǹkan kan.