Ìbọn Bàbá Yín Ti Padà Dé, Ẹ̀gbọ́n Yín Ńkọ́?

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá ẹni tó kọ ọ́ mọ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo ti pé ọmọ ọdún 49. Ọdẹ ni bàbá mi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò, nítorí náà ìbọn tí ẹlòmíì ń lò kì í bá wọn lára mu. Alágbẹ̀dẹ kan ló jókòó rọ ṣakabùlà kan fún wọn, ó gbé irin tó ń ta iná sí apá òsì, ó gbẹ́ ìdí rẹ̀ mọ́ èjìká wọn. Nígbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ní ọdún 2007, àkọ́bí mi ń ṣàìsàn, wọ́n ní àfi ká fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò ní kọ́bọ̀. Mo ta ìbọn náà fún ọdẹ kan ní Ìgbòho, ₦14,000. Ọmọ yè. Nígbà tí bàbá béèrè ìbọn wọn, mo ní wọ́n ti jí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ń wọ yàrá yẹn, ọmọ iṣẹ́ wọn tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Mi ò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kì í ṣe òun. Wọ́n lé e jáde. Bàbá kú ní 2012. Nígbà tí àwọn ọdẹ ń ṣe ìṣípà wọn, ẹ̀gbọ́n wá, ó dúró sẹ́yìn ọgbà, wọn kò jẹ́ kó bá wọn sun ìrèmọ̀jé.

“Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn mo lọ sí Ìgbòho fún ìsọmọlórúkọ. Mo rí ìbọn náà lára ògiri. Irin rẹ̀ wà lápá òsì, awọ ẹtu tí bàbá fi di ibi tó sán ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi ti kú, ọmọ rẹ̀ gba ₦55,000 ó sì gbé e fún mi. Nígbà tí mo délé, mo gbé e sí èjìká ọ̀tún mi, kò gbà. Mo gbé e sí òsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà látìgbà náà. Ìyàwó mi ní kí n kàn sọ fún ẹbí pé mo rí i rà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí inú màmá lè dùn. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí bàbá fi Ògún lé ẹni tó gbé e. Kí ni kí n ṣe?”

Ọmọ Ọdẹ, Ìbàdàn

Àbúrò mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Nígbà kẹta, ibi tí o ti gbé ìbọn sí èjìká òsì ni mo dúró sí. Ọmọ ọdẹ ni èmi náà. Mo mọ bí ìdí ìbọn ṣe máa ń dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ onítọ̀hún máa ń kàn. Bí ẹni tó ni ín bá ti lọ, ibẹ̀ yẹn ni ọmọ máa ń fi ọwọ́ pa. Ẹkún rẹ kò yà mí lẹ́nu, má sì jẹ́ kó tì ọ́ lójú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ títà kúrò láàárín wa. Bàbá tèmi fi ìbọn wọn dógò lọ́dọ̀ oníkòkó kan nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ìwé girama. Owó ilé ìwé mi ni wọ́n fi san. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni wọn kò fi wọ igbó, ìgbà tí ẹran ń jáde síta bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbọ́ ìró ìbọn àwọn ẹgbẹ́ wọn lókèèrè. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ráhùn. Nígbà tí wọ́n rí i gbà padà, ẹ̀gbẹ́ ẹní wọn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí fún ọjọ́ mélòó kan, bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun. Ọdẹ mọ̀ pé ìbọn wà fún kí ọmọ lè jẹun ni. Ká ní o wọlé lọ́jọ́ yẹn ní 2007 tí o ní, “Bàbá, ọmọ fẹ́ kú, mo ti ta ìbọn yín,” ó lè dùn wọ́n wọ egungun, ṣùgbọ́n mi ò rò pé bàbá tó bí ẹ yóò ní kí o fi ọmọ sílẹ̀ kí o gbé ìbọn. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí rẹ yẹn, tó ti dàgbà báyìí, má ṣe jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé òun ló fa ohunkóhun.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá ọ jà kò jìnnà síbẹ̀. O ní o kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n yín. Àbúrò mi, yàrá tí ẹni méjì péré ń wọ, tí ọ̀kan nínú wọn bá ní olè ti jà níbẹ̀, ó ti dárúkọ ẹnì kejì. O dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń lé e. O tún dákẹ́ ní ọjọ́ ìṣípà, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn.

Bóyá àwọn tó ń kà á kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ọdẹ bá kú, sísin ín sínú ilẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọdẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣípà fún un, kí wọ́n yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, kó má baà máa bá wọn rìn nínú igbó mọ́. Wọ́n á kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ síta, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ, fún un. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ọ̀gá rẹ̀ gbé òru nínú igbó, tó mọ ẹran tó pa àti èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ló ní ohun tí yóò sọ lọ́jọ́ náà. Ìjálá tó kọ́ lẹ́nu bàbá yín ni ì bá fi sìn ín dé bodè. Ẹ̀yìn ọgbà ló dúró sí, ó ń gbọ́ tí àwọn ẹlòmíì ń sun ún. Ìbọn tó yẹ kó wà lára ẹrù ọdẹ lọ́jọ́ náà kò sì sí níbẹ̀. Wò ó bí gbogbo ojú yóò ṣe máa wò ó. Síbẹ̀ ó wá o. Ẹni tí wọ́n pè lólè, ó wọ mọ́tò wá sí ìṣípà ẹni tó lé e.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gba ìmọ̀ràn ìyàwó rẹ wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́. Rò ó wò. O gbé ìbọn jáde níwájú màmá, o ní o rí i rà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìgbòho. Màmá á yọ̀, wọn á kí ọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹnì kan á béèrè pé ta ló tà á fún ará Ìgbòho. Àwọn tí kò dá a lójú tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ló jí i, ọjọ́ yẹn ló máa dá wọn lójú, nítorí ìbọn náà fúnra rẹ̀ á ti di ẹlẹ́rìí. O fẹ́ lo ohun tí bàbá fi sílẹ̀ láti tún ẹni yẹn dá lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ẹni tó rà á náà sì ń bẹ láyé. Ṣé ó dá ọ lójú pé bàbá rẹ̀ kò sọ fún un rí pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló tà á fún òun, ti owó ilé ìwòsàn? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Tìrẹ ti ń sún mọ́ ogún ọdún.

Ní ti Ògún tó ń bà ọ́ lẹ́rù, èmi kì í ṣe babaláwo, mi ò sì ní ṣe bí ẹni mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé irin ni àwọn tó ń bọ Ògún ń fi ẹnu kàn ní kóòtù ìbílẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì bá ń gbé Bíbélì tàbí Àlùkùránì. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni wọ́n mọ Ògún sí. Nítorí náà, bí ohun tí bàbá yín sọ bá ń dà ọ́ láàmú, àwọn àgbà ọdẹ ní ìlú yín ni kí o lọ bá, àwọn ni wọ́n mọ bí a ti ń tú irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ọ́ ni bóyá o ti rí ẹni tí o ṣẹ̀. Má lọ bá wọn kí o tó lè dáhùn ìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí o tó dé ọ̀dọ̀ màmá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á ní ìyá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá kọ́kọ́ gbọ́, ẹbí á pàdé, wọn á wá bí wọ́n ṣe máa bo ọmọ wọn, wọn á rán àgbààgbà méjì sí ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú obì àti owó, wọn á sì ní kó gbà á nítorí Ọlọ́run. Kò ní rí ojú rẹ. Ojú rẹ ló yẹ kó rí.

Ìwọ nìkan ni kí o lọ. Má gbé àpò ìwé owó dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má baà dà bí ẹni pé o wá ra ẹnu rẹ̀. Má fi àìsàn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí o bá ti fi ìyẹn ṣáájú, o ti há a mọ́ ògiri nìyẹn, nítorí ta ló máa bínú sí ẹni tó ń gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ là? Dọ̀bálẹ̀ kí o sì sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ta ìbọn bàbá. Ẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n lé yín.” Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Bó bá béèrè ìdí, sọ fún un. Bó bá lé ọ jáde, jáde, kí o sì tún padà lọ lọ́jọ́ mìíì. Bí kò bá dárí jì ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ìyẹn kò sì ní kí o má sọ òótọ́ fún ẹbí. Sọ fún un pé wàá sọ ọ́ níwájú màmá, níwájú àwọn ọmọ bàbá, àti níwájú àwọn ọdẹ tó wà níbi ìṣípà ọjọ́ yẹn. Bi í bóyá ó fẹ́ kí òun wà níbẹ̀. Òun ni kó yan ọjọ́.

Má gbé ìbọn náà lọ hàn án o. Ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà, ìbọn tí o ń gbé kiri láìní ìwé àṣẹ sì lè bá ayé rẹ jẹ́. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀. Òfin mìíì tó tẹ̀lé e sì ka ìtanràn ₦20,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó ní ìbọn lọ́nà àìtọ́, wọ́n sì lè fi méjèèjì ṣe é. Wá lọ́yà kan lọ́sẹ̀ yìí, kó bá ọ kàn sí àwọn ọlọ́pàá nípa ìwé àṣẹ àti ibi tí wọ́n á tọ́jú ìbọn náà sí títí ìwé á fi jáde.

Ju ìyẹn lọ, o kò sọ fún mi bóyá ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ lo ń sùn sí láti oṣù mẹ́jọ! Ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń gbé ṣakabùlà kọ́ ògiri pẹ̀lú ẹ̀tù àti ọta nínú, ẹ̀tù tí omi kò bá sì kàn lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ta. Má fà á, má sì yìn ín wò. Alágbẹ̀dẹ tó mọ ìbọn ni kí o pè wá sílé. Yóò ki ọ̀pá gígùn bọ ẹnu rẹ̀, yóò sì fi wọn ara ìbọn náà níta. Bí ọ̀pá kò bá wọlé dé ìdí, nǹkan wà nínú rẹ̀.

O kò béèrè ẹni tó yẹ kí ìbọn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé o fẹ́ béèrè. Tèmi ni pé kó wà nílé bàbá yín, kí ẹ fi lọ ẹ̀gbọ́n kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé e kọ́ ògiri tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òun ló mọ bí bàbá ṣe ń fi àdín ra á, òun ló sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un kí wọ́n tó wọ igbó. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ o ní ọmọ tí o fẹ́ sọ ọ́ fún.

O kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ pé ọdẹ àdúgbò ni ẹ̀gbọ́n ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, pé òru ló ń ṣiṣẹ́. Má lọ lówùúrọ̀ nígbà náà, oorun ló ń sùn. Lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó ti jẹun, kó sì tó gbé tọ́ọ̀ṣì jáde.