Mo ti fi ẹran sílẹ̀, iṣu ni mò ń jẹ: kí ló dé tí n ò fọn?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, mo sì wọn kílò 96. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston ló ní kí n jáwọ́ nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà, kí n máa jẹ iṣu, ìrẹsì, ọ̀dùnkún àti ẹ̀wà ní àjẹyó, pé màá fọn. Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti àkàrà. Lọ́sàn-án, ìrẹsì àti dòdò. Lálẹ́, àmàlà tàbí ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí mo fi olú sè dípò ẹran. Kàkà kí n fọn, kílò méjì ló tún lé e. Aládùúgbò mi ní kí n má tan ara mi jẹ, pé iṣu gan-an ló ń múni sanra. Metformin ni mò ń lò fún ìtọ̀ ṣúgà. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

ÌDÁHÙN

Màmá, mo kí yín. Ọmọ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ló dé etí yín. Oúnjẹ tó ń sọ yẹn ní òfin méjì: kò sí ẹran, kò sì sí epo. Ẹ̀yin gba ti ẹran, ti epo wá bọ́ sílẹ̀. Ẹ tún lẹ́tà yín kà: àkàrà, dòdò, ẹ̀gúsí. Inú òróró ni méjì àkọ́kọ́ ti jáde. Ẹ̀gúsí ní tirẹ̀, kí ẹ tó da epo pupa sí i rárá, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀rá.

Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí nìyí. Kálórì la fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Gíráàmù kan ọ̀rá máa ń fún ara ní kálórì 9, gíráàmù kan sítáàṣì kò ju 4 lọ. Omi sì tún pọ̀ nínú iṣu sísè, ìdí nìyẹn tí 100 gíráàmù rẹ̀ fi wà ní nǹkan bíi kálórì 116, tí ti ọ̀dùnkún sísè kò sì tó 90. Síbí ìjẹun kan òróró, èyí tí ọwọ́ ń dà sínú ìkòkò láìronú, 120 ni òun nìkan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, bí ẹ bá sè é, kò burú. Bó bá wọ òróró tó sì di dòdò, kálórì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹ lọ sí ilé ìdáná, kí ẹ mú ike omi 75cl tí a fi ń ra epo pupa lọ́jà. Bó bá kún, nǹkan bíi kálórì 6,000 ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó rí iye yẹn nínú iṣu sísè, ẹ ó jẹ tó kílò márùn-ún. Ta ló fẹ́ jókòó ti kílò iṣu márùn-ún? Ṣùgbọ́n ilé tí èèyàn mẹ́ta ń gbé lè fi ike epo kan sè láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì mọ̀ pé òun jẹ nǹkan kan. Ikùn kò mọ kálórì kà. Bí ohun tó wọlé ṣe pọ̀ tó, bó ṣe wúwo tó, ló fi ń mọ̀ pé òun ti yó, epo kì í sì í gba ààyè kankan.

Aládùúgbò yín náà kò ṣàdédé sọ̀rọ̀. Ó ti rí àwọn tó ń jẹ iyán tí wọ́n sanra, èmi náà ti rí wọn. Àmọ́ iyán kì í dá wọ ikùn. Ẹ bi í léèrè ohun tó bá iyán náà wọlé.

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, John McDougall, tó kú ní ọdún 2024, ló sọ irú oúnjẹ yìí di mímọ̀ káàkiri. Ní àwọn ọdún 1970, ó ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrèké ní Hawaii. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà tó wá láti Philippines, Japan, China àti Korea, tí ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ jẹ́ oúnjẹ wọn láti kékeré, kì í sanra, ara wọn sì le dọjọ́ ogbó. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn tó ti di ọ̀jẹ oúnjẹ Amẹ́ríkà ni ìsanrajù àti ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra. Àkíyèsí lásán nìyẹn o, èèyàn lè bá a jiyàn. Èyí tó ṣòro láti bá jiyàn ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlú Gisborne ní New Zealand, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Èèyàn 65 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ní kí apá kan máa jẹ oúnjẹ oko tí kò ní ẹran tí ọ̀rá rẹ̀ sì kéré, kí wọ́n jẹ ẹ́ títí wọn ó fi yó, láìka kálórì, láìfi eré ìdárayá dandan kún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn wọ̀nyí ti fi nǹkan bíi kílò 12 sílẹ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, bí a bá dá a pọ̀ pín. Nígbà tó pé ọdún kan, púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kò tíì padà.

Òmíràn jáde ní ọdún 2021 láti iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda. Èèyàn 20 péré ni, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sì lò lórí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà n kò ní fi ṣe ẹ̀rí ohun gbogbo. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ oko tí kò lọ́ràá, kálórì tí wọ́n fúnra wọn jẹ lójúmọ́ fi bíi 550 sí 700 dín sí ti ìgbà tí wọ́n ń jẹ ẹran àti ọ̀rá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dín in kù. Ebi kò sì pa wọ́n ju ti ọ̀hún lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó kàn yín gan-an: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ga sókè lẹ́yìn oúnjẹ ju ìgbà tí wọ́n ń jẹ ẹran lọ. Èmi kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà.

Nítorí náà, kí ẹ tó yí ìkòkò padà, ẹ lọ rí dókítà yín, kí ẹ sì ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà nílé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà gba ipò ìrẹsì lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà inú rẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà lulẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ pé glibenclamide tàbí abẹ́rẹ́ insulin wà nínú oògùn yín tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn: bí oúnjẹ bá yí, ṣúgà lè já débi tí òòyì yóò fi gbé yín, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ dín oògùn náà kù, kì í ṣe ẹ̀yin. Bákan náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí kíndìnrín bá sì ti ní ìṣòro tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yìí láìgbọ́ ti dókítà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí iná. Ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni epo ń sá pamọ́ sí. Ẹ gé àlùbọ́sà sínú ìkòkò gbígbóná láìfi epo kankan sí i, kí ẹ máa rò ó. Bó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Ẹ da tàtàṣé àti ata rodo lílọ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kó hó títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ dáadáa, tí ata kò ní kan mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyí, tí wọ́n á wá ní ọbẹ̀ tí kò lépo kò dùn. Irú wá wọlé, kí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà olú àti iyọ̀, ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ ni yóò kẹ́yìn. Ewédú kò bá epo tan tẹ́lẹ̀. Gbẹ̀gìrì náà ṣeé sè láìlépo, ti bùkátẹ́ríà ni ẹ ó yẹra fún, pẹ̀lú omi ẹran tó wà nínú ata wọn. Mọ́ínmọ́ín tí a fi àlùbọ́sà púpọ̀ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pò dípò òróró máa ń rọ̀ bó bá gbóná. Bó bá tutù tán, ó máa ń le, ẹ tètè jẹ ẹ́. Ekuru kò nílò àlàyé, ata díndín tó ń tẹ̀ lé e ló ń ba nǹkan jẹ́.

Mi ò sọ pé epo kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu o. Àwọn kan le koko lórí èyí, èmi kò rí ìdí rẹ̀. Síbí ìjẹun kan fún odindi ìkòkò kò bí mi nínú, ọ̀rá díẹ̀ a sì máa ran ara lọ́wọ́ láti fa fítámì A inú ẹ̀fọ́ mọ́ra. Àwùsá méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ ní àsìkò rẹ̀ náà dára. Ẹ̀pà ni kí ẹ ṣọ́, torí ẹni tó bá bu ẹ̀pà lẹ́ẹ̀kan yóò tún bù ú.

Láàárọ̀, ẹ fi ògì tí kò ní mílíìkì, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà sísè, rọ́pò búrẹ́dì àti àkàrà. Búrẹ́dì gbẹ, omi kò pọ̀ nínú rẹ̀, kálórì rẹ̀ fún 100 gíráàmù ju ìlọ́po méjì ti iṣu sísè lọ. Àmàlà àti ẹ̀bà kò sí lára ẹlẹ́bi pàtàkì. Ìṣòro wọn ni pé a kì í jẹ wọ́n lẹ́nu, gbígbé là ń gbé wọn mì, oúnjẹ a sì ti pọ̀ jù nínú kí ikùn tó sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ abọ́ ẹ̀fọ́ kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Máàtì àti sóbò oníṣúgà, ẹ mọ èyí tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀.

Fítámì B12 kò sí nínú ewé, kò sí nínú iṣu, kò sí nínú ẹ̀wà. Ẹni tí kò bá jẹ ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà gbọ́dọ̀ lo oníhóró rẹ̀. Ti ẹ̀yin tún le sí i, torí metformin fúnra rẹ̀ máa ń dín B12 kù lára. Máíkírógíráàmù 50 lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tàbí 2,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àìtó rẹ̀ kì í yára hàn, ó lè gba ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, tí àwọn èèyàn á sì máa di í ru ìtọ̀ ṣúgà.

Ẹ̀wà lè fún yín ní gáàsì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ da omi yẹn nù. Ní òde ìnáwó, ẹ jẹun nílé kí ẹ tó lọ. Wọn yóò bi yín bóyá owó ẹran ni kò sí, ẹ fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn.

Ní ti bí yóò ṣe yá tó, kílò 12 Gisborne yẹn, bí a bá pín in sí oṣù mẹ́fà, kò ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan. Ẹ gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà, kí ẹ tó jẹun. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí kò sún rárá, ẹ lọ dúró ti ẹni tó ń bá yín se ọbẹ̀, kí ẹ wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń da epo.