Họ́ọ̀sì búréèkì Jimny tí a gbé ga

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹ lè fi họ́ọ̀sì búréèkì àtilẹ̀wá, ìyẹn rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì búréèkì lọ síbi táyà, sílẹ̀ lára Suzuki Jimny yín, lẹ́yìn tí ẹ bá fi síríńgì tó gùn gbé e ga ní íǹṣì 3. Ní tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe dúró jẹ́ẹ́ kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá họ́ọ̀sì tó. Ìgbà tí táyà kan bá so rọ̀ sínú kòtò, tí síríńgì sì nà dé òpin, ni rọ́bà yẹn máa ń fà, ó sì lè já lójijì. Ẹ fi jáàkì gbé ṣáàsì sókè, kí ẹ gbé e lé irin ìdúró tó lágbára, kí táyà so rọ̀ pátápátá, kí ẹ wá yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Bí họ́ọ̀sì bá le bí okùn tí a fà, tàbí tó bá ń ha táyà, kò tó nìyẹn.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń rọra tẹ páìpù irin tí họ́ọ̀sì náà so mọ́ wálẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn lè tó fún íǹṣì 1, ṣùgbọ́n páìpù tó bá ti là kò ṣeé lò mọ́. Fún íǹṣì 3, ẹ wá họ́ọ̀sì tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Àràrọ̀mí, ọjà páàtì ọkọ̀ tó wà ní Géètì ní Ìbàdàn, pẹ̀lú wáṣà bàbà tuntun. Ẹ rọ irú ọ́ìlì búréèkì tí wọ́n kọ sára ìdérí ike ọ́ìlì búréèkì ọkọ̀ náà, ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde pátápátá, kí ẹ sì dán búréèkì wò níbi tó tẹ́jú kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà lọ sí Òkè Mápó.